Owó McCormick

Ẹ má dán an wò láti lọ sí Chicago ní ìparí Nófẹ́ńbà tí kì í bá ṣe ibi iṣẹ́ yín ló ń sanwó. Owó ara mi ni mo fi lọ sí àpérò RSNA, ti àwa tí à ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara, ní McCormick Place, ilé àpérò àti ìpàtẹ ńlá tó wà níbẹ̀. Ojú mi rí màbo.

Láti pápákọ̀ òfurufú O'Hare ló ti bẹ̀rẹ̀. Mítà takisí kò tíì yí tí dọ́là 4 ti wọlé. Mo ń fi Yorùbá bínú sínú fóònù, àṣé ọmọ Ìjẹ̀bú ni awakọ̀.

"Àbúrò, owó McCormick nìyẹn. Kì í ṣe èmi ni mo ń gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mà tíì débẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. "O ṣì máa san án nílé oúnjẹ."

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ṣí McCormick Place ní 1960, iná jó o ní 1967, nígbà tó fi máa di 1971 wọ́n ti tún un ṣí. Ìlú wo ló ń sáré tún ilé kọ́ bí ilé náà ò bá pawó? Àmọ́ orí àlejò ni wọ́n ń di ẹrù rẹ̀ lé. Nínú owó orí 11.75% tí mo san lórí oúnjẹ láàárín ìgboro, 1% ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ilé yẹn.

Ti hòtẹ́ẹ̀lì wá burú jù. Iye tí mo rí lóṣù Kẹsàn-án ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó yẹ kó mú yàrá gbóná ń kùn lásán, afẹ́fẹ́ tútù ló ń tú jáde. Mo wọ ṣòkòtò méjì, mo gbé kóòtù lé e, mo fi táwẹ̀lì dí ìdí fèrèsé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kò sí yàrá mìíràn, àwọn alápèérò ti gbà á tán. Ó wá bi mí bóyá màá mu tíì. Tíì!

Ẹ gba yàrá yín láti oṣù Kẹfà, jọ̀wọ́. Ẹ sì wọ bàtà tó rọ̀. Ibi ìpàtẹ nìkan jẹ́ mílíọ̀nù 2.6 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ mi wú.

Ọjọ́bọ̀ lara ṣẹ̀ṣẹ̀ tù mí. Ẹ̀gbọ́n takisí wá gbé mi lọ jẹ àmàlà ní apá àríwá ìlú. Lójú ọ̀nà, ó ní ọ̀sẹ̀ àpérò yìí lòun fi ń san owó ilé oṣù méjì; tó bá di Jánúárì, yìnyín nìkan lèrò òun. Gbẹ̀gìrì wà, ewédú wà. Nígbà tí risíìtì dé, ó fìka tẹ owó orí: 10.75%.

"Wò ó, a ti kọjá ààlà wọn. Ti McCormick ò dé ibí."

Mo ní kí wọ́n bu ṣàkì sí i.