Ohun tí ìdíje géèmù kọ́ mi nípa òǹwòran

Ní ọdún 2018, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gba gbọ̀ngàn ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láti fi ṣe ìdíje FIFA, géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Eléré 32 ló forúkọ sílẹ̀, àwọn òǹwòran tó sanwó ìwọlé sì lé ní ọgọ́rin. Agogo mẹ́wàá àbọ̀ òwúrọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán, ìjókòó ti ń ṣófo. Nígbà tí a óò sì fi dé ìpele àṣekágbá ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, àwọn tó ṣẹ́kù kò ju mọ́kànlá lọ, mẹ́rin nínú wọn sì ń dúró de ẹni tí yóò fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sílé ni. Ẹni tó borí na ọwọ́ sókè, èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyẹn dùn mí ju owó tí a pàdánù lọ.

Èrò mi nígbà náà ni pé bí eré bá ti gbóná lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá a, dandan ni kí ó gbóná lójú àwọn tó ń wò ó. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó jẹ́ ìṣirò lásán kúrò lọ́nà. Bí eléré 32 bá ń díje, tí ẹni tó bá pàdánù sì ń lọ sílé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 31 ni yóò wáyé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà la fún ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n yíyan ẹgbẹ́, títo agbábọ́ọ̀lù àti àríyànjiyàn lórí páàdì tí bọ́tìnì rẹ̀ ń há máa ń sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 18. Ẹ fi 18 lọ́nà 31, ẹ óò rí wákàtí mẹ́sàn-án ó lé ìṣẹ́jú 18, lórí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè jókòó fún wákàtí mẹ́sàn-án wo nǹkan kan, ì báà ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ní báyìí, tẹlifíṣọ̀n mẹ́fà la máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún àwọn ìpele ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì ti parí wọn kí àwọn òǹwòran tó dé. Ẹni mẹ́jọ tó kù nìkan ló ń dé ojú pirojẹ́ktọ̀, eré méje péré, bíi wákàtí méjì. Àwọn tó ṣe géèmù ìbọn tó ń jẹ́ Counter-Strike pàápàá gé eré wọn kúrú ní 2023: ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú abala 13 ló jáwé olúborí báyìí, dípò 16 ti tẹ́lẹ̀.

Àkókò kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù, ṣùgbọ́n. Ìdí ọpọ́n ayò ni mo ti rí èyí tó tóbi jù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi àgbà. Ẹni tó bá dé yóò kí wọn pé, “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ́,” wọn a sì dá a lóhùn pé, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn.” Kí onítọ̀hún tó jókòó, ó ti mọ ẹni tó ń ṣẹ́gun, ó ti yan ẹ̀yìn ẹni tí yóò wà, àwọn ọmọ ayò 48 náà sì wà ní gbangba tí ojú gbogbo ènìyàn lè kà wọ́n. Nínú géèmù, ohun tó le jù lọ ni kì í hàn. Ẹni tí kò gbá a rí ń rí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo, kò mọ ohun tí eléré fẹ́ ṣe, kò sì mọ ohun tí yóò pàdánù bí kò bá rí i ṣe.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni ti Evo, ìdíje géèmù ìjà, ti ọdún 2004, ní ìpínlẹ̀ California. Street Fighter III, géèmù ẹ̀ṣẹ́, ni wọ́n ń gbá. Daigo Umehara ará Japan ló ń darí Ken, Justin Wong ará Amẹ́ríkà ló ń darí Chun-Li, àwọn oníjà inú géèmù náà, ẹ̀mí Ken sì ti kù bí ìpẹ̀kun òwú. Wong wá tú àkànṣe ìtàpá tó jẹ́ ẹsẹ̀ 15 sílẹ̀ lé e lórí. Nínú eré yìí, bí èèyàn bá tilẹ̀ fi apá gba irú ìtàpá bẹ́ẹ̀ dúró, díẹ̀ yóò ṣì bọ́ lára ẹ̀mí rẹ̀, Umehara kò sì ní díẹ̀ tó lè bọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ó ti ọ̀pá ìdarí síwájú gan-an ní àkókò tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá dé, nígbà 15, kí ó lè gbọ̀n ọ́n dànù láìsí ohun tí yóò bọ́ lára ẹ̀mí rẹ̀. Ó ṣe é, ó sì yí padà borí. Igbe tí gbọ̀ngàn náà ké kò tíì parí títí dòní, nítorí àwọn èèyàn ṣì ń wo fídíò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Umehara kọ́ ló gba ipò kìíní lọ́dún náà. Ẹ fi fídíò yìí han ẹni tí kò mọ nǹkan kan, yóò ní, “Ṣé ìtàpá náà nìyí?” Ẹ wá ṣàlàyé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí fún un, kí ẹ sì tún un fi hàn, ẹ óò rí i tí yóò dìde lórí àga.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé olùṣàlàyé eré ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ náwó lé lórí, ṣáájú iná aláwọ̀ mèremère àti èéfín. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbà lẹ́nu ṣùgbọ́n kò lójú: “Ó gbá a! Ó wọlé!” Gbogbo wa la ti rí i pé ó wọlé. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa sọ ohun tí a kò lè rí: pé ọmọ Agbowó yìí ti fa agbábọ́ọ̀lù kan sẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé ọmọ Ọ̀jẹ́ yìí ló borí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, pé ẹ̀bùn owó náà ni yóò fi san owó ilé ẹ̀kọ́, bí ó bá ti gbà kí a sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni àdúgbò ti di ohun tí a ń dárúkọ kí a tó dárúkọ eléré, nítorí ẹni tí kò mọ géèmù ṣì mọ ibi tí òun ti wá.

Ojú eléré náà ṣe pàtàkì. Ní 2018, ẹ̀yìn orí wọn la kọ sí òǹwòran. Báyìí, ojú wọn ló ń kọ sí èrò, tẹlifíṣọ̀n kékeré wà níwájú wọn, a sì ń fi ohun tó ń pín àwòrán sí méjì gbé eré kan náà lọ sí pirojẹ́ktọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí eléré wo pirojẹ́ktọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àwòrán rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́, ìjà yóò sì bẹ́ sílẹ̀. Fóònù kan lórí ìdúró ń ya ojú àti ọwọ́ wọn. Òógùn ojú ọmọ tó ń fi góòlù kan ṣíwájú nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan dùn ún wò ju góòlù náà lọ.

A gba onígángan fún àṣekágbá 2021, bí wọ́n ṣe máa ń lùlù fún àwọn tó ń ja ẹkẹ. Ó dùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba eré jẹ́, torí bàbá náà kò dákẹ́, a kò gbọ́ olùṣàlàyé mọ́. Ìgbà tí eléré bá ń wọlé àti ìgbà tí góòlù bá wọlé nìkan ló ń lù báyìí.

Èyí tí mi ò tíì rí yanjú ni géèmù ìbọn. Nínú Counter-Strike, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ẹnì kan ní láti máa yan ojú ẹni tí òǹwòran yóò fi wòran, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìbọn yóò ti dún kí ó tó dún. A dán an wò lẹ́ẹ̀kan ní 2022. Ẹni tí a fi síbẹ̀ ń pẹ́ dé gbogbo ìjà, òkú ni àwọn èèyàn ń rí, wọn kò rí ìjà. Bí a kò bá rí ẹni tó gbá a dáadáa tó sì gbà láti má gbá a lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù àti ẹ̀ṣẹ́ la ó máa bá lọ.