Èmi àti olùkọ́ orin mi: àyẹ̀wò ọdún

Ọdún ti ń lọ sópin. Iṣẹ́ ń lọ bó ṣe ń lọ, a ti san owó ilé, ara àwọn òbí mi le. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹ̀kọ́ orin ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá bí èmi àti olùkọ́ mi ṣe wá pín iṣẹ́ láàárín ara wa lọ́dún yìí.

Sòpránò, ìyẹn ohùn obìnrin tó ga jù lọ, ni mò ń kọ nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Súrùlérè. Àgbàlagbà obìnrin ni olùkọ́ mi, wọ́n ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi. Tí wọ́n bá wò ọ́ láti òkè awò ojú wọn, wàá tún ìdúró rẹ ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ohun yòówù kí olùkọ́ wí, "bẹ́ẹ̀ ni mà" ni èsì. Àmọ́ ẹ̀kọ́ orin kì í ṣe ìṣirò. Inú ara akẹ́kọ̀ọ́ ni ohun èlò rẹ̀ wà, olùkọ́ kò rí i.

Tí mo bá ń kọrin, apá kan ohùn mi ń gba inú eegun orí dé etí mi. Ìdí nìyẹn tí ohùn wa fi máa ń ṣàjèjì sí wa tí a bá gbọ́ ọ nínú fóònù. Olùkọ́ ló ń gbọ́ ọ bí ayé ṣe ń gbọ́ ọ. Àmọ́ wọn kò lè mọ̀ bóyá ọ̀fun ń ta mí. Tán-án-ná inú gògóńgò, awẹ́ kéékèèké méjì péré, máa ń kan ara wọn nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí mo bá kọ ohùn tí wọ́n ń pè ní A, èyí tó wà láàárín ìwọ̀n sòpránò. Ta ló máa bá mi ṣọ́ ìyẹn bí kì í bá ṣe èmi?

Nítorí náà, nígbà tí ohùn òkè kan nínú orin Kérésì ń fà mí lọ́rùn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ń dùn mí níbí." Wọ́n gbé kíì orin náà wálẹ̀, wọ́n ní kí n tú àgbọ̀n mi sílẹ̀, a tún un kọ. Kò sí àrífín níbẹ̀. Àrífín ni kéèyàn dákẹ́ títí ohùn á fi bàjẹ́, kó wá máa rò kiri pé olùkọ́ ló bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ orógbó ńkọ́? Gbogbo kọ́áyà ló ń jẹ ẹ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ kí ohùn lè já gaara, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbé mì kì í kan tán-án-ná rárá. Tó bá kàn án, ikọ́ ló máa dà. Omi pàápàá gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá kó tó ṣe é láǹfààní, nítorí náà àárọ̀ ni mò ń mu tèmi, pàápàá lásìkò ọyẹ́ yìí. Tí ohùn bá sì há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, dókítà la ń lọ rí, kì í ṣe olùkọ́ orin.

Owó ẹ̀kọ́ ń wọlé kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Tí n kò bá ní lè wá, mo ń pè ṣáájú. Mo ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, mo ń gbọ́ ọ nínú dáńfó (ẹni tó jókòó tì mí á fàyè gbà mí).

Ibì kan ṣì wà tí a kò tíì fẹnu kò sí: orin ìyìn Yorùbá. Olùkọ́ mi ń tẹ̀ lé sólífà (dò, rè, mí) inú ìwé láìyẹsẹ̀. Èmi ní kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyẹn, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 di 1962, ti jà fún ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Mo gbé e lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́, n kò kùn sí i lẹ́yìn. Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú. Wọ́n ní tó bá di January, ká kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì, ká gbà á sílẹ̀, ká jọ jókòó gbọ́ ọ.