Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tó lẹ̀ pọ̀

Mo ra gààrí lọ́jà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá nígbà tí mo gbọ́, "Àǹtí oníbàágì pupa!" Ọmọkùnrin ìyá tó ta gààrí fún mi ló ń sáré bọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

₦500 méjì ló lẹ̀ pọ̀ nígbà tí mo sanwó. Èmi gan-an ò mọ̀. Owó náà ti rún lọ́wọ́ ọmọ yìí, òógùn ti mú un tutù, gààrí lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ṣé màmá ẹ ló rán ẹ?"

"Rárá mà. Wọn ò tíì mọ̀. Ó kàn ń ṣe mí bákan níkùn ni."

Níkùn! Ní tèmi o, pàṣán ló kọ́ mi. Ta ló kọ́ ikùn tiẹ̀? Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?