Wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró mi

Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, a lọ ra ata àti ẹja, ló bá rí mọ́tò oníke kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri, pupa fòò, tó máa ń tanná lójú, ó ní òun fẹ́, mo ní rárá, owó ọbẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó wẹ̀yìn, ó ti nà gbalaja sórí ẹrẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹ́ja, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dúńbú. Ẹ mọ bí ọjà wa ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo èèyàn dúró. Ìyá kan ní "ẹ gbá a létí, kíá ló máa dákẹ́." Òmíì ní àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí, wọ́n ti kẹ́ wọn jù. Mo gbá a létí. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Kò dákẹ́ o. Ṣe ló tún ń ké sí i, mo fà á lápá dé ibi tí a ti wọ kòrópe, ó sunkún títí dé Òkè-Baálẹ̀, nígbà tó sì wá sùn lọ lórí itan mi, àyà ẹ̀ ṣì ń sọ, ó ń súkẹ̀ ẹkún lójú oorun. Ojú ìka mi ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Mo wò ó títí. Tí n bá máa sòótọ́, kì í ṣe torí mọ́tò yẹn ni mo ṣe nà án, torí ojú àwọn èèyàn ni.

Bíi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni màmá mi wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ yìí ti fúnra ẹ̀ ṣe mọ́tò, agolo mílíìkì méjì, ìdérí ìgò mẹ́rin fún táyà, okùn tó fi ń fà á, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n múná lọ, ilé ṣókùnkùn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń bọ̀ láti kíṣìnnì, ó sì tẹ mọ́tò yẹn pẹ̀ẹ́. Háà. Ọmọ yìí ju tọ́ọ̀ṣì mọ́ ògiri, ó fo mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fẹ́ bù ú jẹ. Mo ti dìde. Màmá ní "jókòó."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fà á mọ́ àyà wọn, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú jẹ́jẹ́ kó má baà na ẹnikẹ́ni. Ó ń ta sókè bí ẹja. Wọn ò sọ pé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kàn ń fọwọ́ lù ú láyà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n ń kì í. "Àkànní. Àkànní ọkọ mi. Ọmọ aláró. Ọmọ Òròkí. Pẹ̀lẹ́, Àkànní." Bí wọ́n ṣe ń kì í ni ohùn wọn ń lọlẹ̀ sí i, tí èémí wọn ń gùn sí i, èmi tí mo dúró níbẹ̀ gan-an, ara mi ń rọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wéré ló máa ń rí. Òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé "ó tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Màmá ní "ó dùn ẹ́."

"Ó dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́ lóòótọ́, o pẹ́ lórí ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá pa ìtàn fún un, ìtàn tí gbogbo ọmọ Òṣogbo mọ̀ yìí, bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú wa dó, ṣe kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé torí pé omi wọ́n wọn, tí wọ́n dé etí odò, tí wọ́n ń ṣán igbó, igi ńlá kan wó sínú omi gbìì, ohùn Ọ̀ṣun wá ké láti inú odò pé ẹ̀yin oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán. (Mùsùlùmí ni wá nílé wa o, ìtàn ìlú ni Màmá ń pa, ìyá tó bí wọn sì jẹ́ aláró.) Ọmọ yìí la ẹnu sílẹ̀. Ó béèrè pé ṣé Ọ̀ṣun wá nà wọ́n? Màmá ní rárá, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n gbọ́, wọ́n sún sẹ́yìn kúrò létí odò, wọ́n bá a mulẹ̀, títí dòní nìlú sì ń lọ síbẹ̀ ní oṣù August.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi mọ́. Torí ohun tí èmi ń ṣe ni pé tí ọmọ bá ti ń ké, nígbà yẹn gan-an ni mo máa bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, "ṣé bí àwọn ọmọ gidi ṣe ń ṣe nìyẹn, ṣé o ń rí ara ẹ." Kò sì lè gbọ́ ọ. Apá ọpọlọ tó wà níwájú orí, èyí tó máa ń sọ fún èèyàn pé dúró ná, rò ó dáadáa, òun ló máa ń gbó kẹ́yìn, kì í gbó tán títí èèyàn fi máa tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ọmọ ọdún 5 wá ńkọ́? Mọ́tò ni, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára, bíréèkì ẹ̀ ò tíì mú. Àwa náà tá a dàgbà, tí inú bá ń bí wa dé góńgó, ta ló máa bá wa sọ̀rọ̀ tó máa wọlé? Bíréèkì tèmi ló máa yá lò ná. Tí tèmi náà bá wá já, kí ni ọmọ máa dì mú?

Àwọn èèyàn á ní o ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń na ọmọ, ká fi òsì fà á mọ́ra. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọ̀tún là ń yára lò, tí òsì ò sì ní jáde mọ́ títí ọmọ á fi sùn. Èmi ti yí i padà, òsì ló ń kọ́kọ́ jáde nílé mi báyìí. Ìyẹn ò ní kí n má bá a wí o. Ọjọ́ kejì tí ara ẹ̀ ti balẹ̀, mo pè é, mo ní ìbínú ò burú, ṣùgbọ́n a kì í ju nǹkan, a kì í bu èèyàn jẹ, ìwọ lo máa bá mi ṣa èéfọ́ tọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó ṣà á. Mọ́tò ọjọ́sí nkọ́? Mi ò rà á títí dòní. Kí n fà á mọ́ra kì í ṣe kí n fún un ní ohun tó ń torí ẹ̀ ké.

Nǹkan kan tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ gbígbóná. A máa ń ṣe bíi pé àtẹ́lẹwọ́ wa ni abọ́ ẹ̀kọ, ó gbóná, a máa fẹ́ ẹ, fúùùùù, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kó má baà dànù. Tí èémí tá à ń mí jáde bá ti gùn ju èyí tá a fà sínú lọ, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù jẹ́jẹ́, béèyàn ṣe rí nìyẹn, ọmọdé àti àgbà. Ìgbà tí inú ò bí i la máa ń kọ́ ọ o, bí eré, tí ìbínú bá ti dé tán ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní súkúù, ọmọ á kàn ní "I am angry", ó parí. Ẹ wo Yorùbá jàre, ó ń júwe ibi tó ti ń dùn ẹ́ fún ẹ. Inú ń bí mi, inú mi bàjẹ́, àyà mi já, orí mi gbóná, ojú tì mí, ọkàn mi ò balẹ̀, ara mi ò lélẹ̀. Mo máa ń bi í pé ṣé inú ló ń bí ẹ ni àbí ojú ló ń tì ẹ́? Ẹ ò ní gbà gbọ́ iye ìgbà tó jẹ́ pé ìtìjú ni, tàbí ẹ̀rù, tó gbé ẹ̀wù ìbínú wọ̀. Ìgbà míì sì rèé, ebi lásán ni, ọmọ tó ti jáde láti aago méje àárọ̀ tó tún lọ sí lẹ́sìn. Ẹ fún un lóúnjẹ ná kẹ́ ẹ tó bi í ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti pé ọdún 11 kì í ké ní tiẹ̀, ṣe ló máa ń dákẹ́, á ti ilẹ̀kùn. Èyí ń bà mí lẹ́rù jù. Mi ò kì í fipá bi í mọ́, mo máa ní kó sìn mí lọ ra búrẹ́dì, ká tó dé ibẹ̀ ó ti sọ ọ́, torí a jọ ń wo iwájú ni, a ò wo ojú ara wa. Tí ìbínú ọmọ bá wá ń dé lójoojúmọ́, tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, tàbí ọmọ tó ń túra ká tẹ́lẹ̀ tó ṣàdédé yí padà, ẹ gbé e lọ rí dókítà, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ilé nìkan.

Ibì kan wà témi àti Màmá ò ti gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó rẹ̀ mí, mo jágbe mọ́ ọmọ yìí lórí bàtà tó sọnù, bàtà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo sì gbé e síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní Àkànní, má bínú, mo ṣẹ̀ ẹ́. Màmá ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ta ló máa wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn?

Lánàá, ó dé láti súkúù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀, ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kí ló dé? Kò ké, kò ju báàgì. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀kọ ọwọ́ ẹ̀ díẹ̀, ó ní "Mọ́mì, wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró mi."

Mo ní máa bọ̀, wá jókòó tì mí, ta ló fọ́ ọ?