Kóńgò tí mo gbá lórí

Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ya lógò fún àwọn ará Ìlọrin, oníbàárà kan ṣoṣo ló tíì wò mí lójú pé iṣẹ́ mi fẹ́ sọ òun di olè. Alàájà kan ni. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mẹ́ta: ọ̀kan ní Tanke níbí, ọ̀kan ní Adéwọlé, ọ̀kan ní Ọ̀fà.

Àkọ́bí wọn ló pè mí lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀. Ó ní lógò àwọn ti gbó. Mo lọ wo pátákó tó wà ní Adéwọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, odidi ọjà ni wọ́n kó sórí páànù yẹn. Kóńgò ìrẹsì kan dúró láàárín, ó kún ṣóńṣó; mílíìkì agolo àti tòmátì wà lápá kan, iṣu méjì lápá kejì, adìyẹ kan wá dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún látòkè délẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, a sì fi ṣẹ̀rín dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ya tèmi. Mo mú lẹ́tà méjì lára orúkọ wọn, mo so wọ́n pọ̀ sínú róbótó kan, ìlà tín-ín-rín, àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran. Bí èèyàn bá wo àárín lẹ́tà méjèèjì dáadáa, yóò rí agbọ̀n ìrajà níbẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Alàájà, mo ti múra àlàyé sílẹ̀. Mo sọ ti Carrefour fún wọn, ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Faransé: ọfà méjì ló wà lára lógò wọn, pupa kọjú sósì, búlúù kọjú sọ́tùn-ún, lẹ́tà C funfun sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Àtọdún 1966 ni wọ́n ti ń lò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ń rajà níbẹ̀ tí wọn ò rí C yẹn rí. Mo ní orúkọ yẹn túmọ̀ sí oríta.

"Oríta? Níbi tí wọ́n ń gbé ẹbọ sí?"

Mo ní rárá, mà, kì í ṣe irú oríta yẹn.

"Lẹ́tà tí wọ́n fi pamọ́ ńkọ́, ta ló fẹ́ wá a? Ẹni tó sáré wá ra máàgì, tí epo wà lórí iná nílé?"

Ọmọ wọn gbè mí lẹ́yìn. A wá fẹnu kò pé ká tẹ tuntun sórí bánà kékeré, ká fi bo ti tẹ́lẹ̀ ní Tanke fún ọ̀sẹ̀ kan, ká wò ó. Lọ́jọ́ kejì mo lọ jókòó ti ọmọbìnrin tó ń gbowó. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé béèrè bóyá wọ́n ti ta ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹni kẹta béèrè ohun kan náà. Nígbà tó dọ̀sán, kẹ̀kẹ́ kan ré wa kọjá, ó lọ dúró lọ́hùn-ún, ìyá kan sọ̀ kalẹ̀, ariwo ta.

"Mo ní Oníkóńgò, o gbé mi kọjá!"

"Ìyá, èmi ò rí kóńgò kankan!"

Oníkóńgò. Èmi tí mò ń ṣe lógò wọn, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó, inú rìsíìtì nìkan ló mọ. Kóńgò ni gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n, òun ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà, èmi sì ti fi bánà bò ó mọ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí Co-op, ilé ìtajà alájẹṣẹ́kù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2016, wọ́n pa èyí tí wọ́n ń lò tì, wọ́n padà sí lógò tí wọ́n ti ní láti 1968. Mo ti fi ìyẹn kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi rí, ẹ gbà mí. Ó kàn jẹ́ pé mi ò rò pé ó kan kóńgò orí páànù.

Mo tún un yà. Mo lé adìyẹ, mo kó iṣu kúrò, ó ku kóńgò. Mo yà á bí ayé ṣe ń yà á báyìí: ẹ̀gbẹ́ méjì, ìdí, orí tẹ́ pẹrẹsẹ. Alàájà fi awò sójú.

"Ta ló gbá a lórí?"

"Mà?"

"Kóńgò yìí. Ta ló fọwọ́ gbá a? Ìrẹsì àti gàrí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìpàtà, mi ò wọn báyìí fún ẹnikẹ́ni rí. Èènì mi dà? O fẹ́ gbé e kọ́ ìta pé olè ni mí?"

Òkìtì ìrẹsì yẹn ló gba ọjọ́ lọ́wọ́ mi jù. Mo kọ́kọ́ ya hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ sórí rìsíìtì, tó jẹ́ ooru ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń tẹ̀wé tí kò sì mọ ju dúdú lọ, gbogbo rẹ̀ di àbàwọ́n. Mo sọ ọ́ di òkìtì kan ṣoṣo, ọmọ mi obìnrin ní áísíkirímù ni. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, Alàájà ní wọ́n ti tún gbá a. Ibi tó wá jókòó sí, hóró márùn-ún péré ló hàn lára rẹ̀.

Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, tún fẹ́ bà á jẹ́. Ọ méjì ló wà nínú orúkọ wọn, fọ́ǹtì tí mo fẹ́ràn ò sì ní àmì ìsàlẹ̀; kọ̀ǹpútà ń lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn, ó rí wúruwùru. Mo bá fọwọ́ ya àmì náà, mo yà á bíi hóró ìrẹsì méjì tó já bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni Alàájà ti rẹ́rìn-ín.

Mo ṣàṣìṣe nídìí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà fún oníbàárà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pléètì tirẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, pléètì kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró sórí àwọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ni mo fi ránṣẹ́. Iná ló ń dá ti kọ̀ǹpútà, yíǹkì ló ń dá ti ọ̀rá, àwọ̀ kan sì wà tí iná lè tàn tí yíǹkì ò lè dá. Ohun tó jáde rí bí ewédú àná. Àpò mi ni mo fi tún un tẹ̀.

Pátákó tuntun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Èyí tó jẹ́ páànù ní Adéwọlé, wọ́n ti fi bo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, adìyẹ ṣì ń wojú èèyàn níbẹ̀. Alàájà ní kí n bá àwọn wá ẹni tó kùn ún, ẹ̀bá Ọjà Ọba ló ń jókòó nígbà yẹn, ó máa ń fi àmì ìràwọ̀ kékeré sí igun iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti béèrè káàkiri. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó yà sí Oníkóńgò.