Ìdí tí a fi ń tún ẹ̀yìn là nígbà tí ọyún bá gba ojú iṣẹ́ abẹ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù eegun, ohùn wọn a sì máa le bí wọ́n bá ń bèèrè rẹ̀: “Ẹ̀yin náà lẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún màmá wa lóṣù tó kọjá, ẹ de irin mọ́ ọn, a sì sanwó. Kí ló wá dé tí ẹ tún fẹ́ là wọ́n? Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ tó lè pa kòkòrò náà ni?” Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní kíkún níhìn-ín, nítorí pé a kì í ráyè ṣàlàyé rẹ̀ tán létí ibùsùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni àrùn tó ń mú kí ojú iṣẹ́ abẹ gba ọyún yìí sábà máa ń fara hàn. Aláìsàn tó ti ń rìn, tára rẹ̀ ti ń yá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀yìn tún ń dun òun, ìrora náà yóò sì máa le sí i lójoojúmọ́. Ojú ọgbẹ́ yóò máa ṣomi, aṣọ tó wọ̀ sùn yóò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibà ni gbogbo ènìyàn ń retí, ṣùgbọ́n ibà lè má sí rárá, pàápàá lára àgbàlagbà. Gọ́ọ̀sì tí a ṣí kúrò lójú ọgbẹ́ ni èmi kọ́kọ́ máa ń wò: bí ó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kò já mi láyà, ṣùgbọ́n bí ó bá rin gbindin lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, tí omi náà ki, tó sì ń rùn, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRP, tó máa ń ga bí ara bá ń bá ọgbẹ́ tàbí àrùn jà, máa ń ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé ó máa ń ga ní ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà yóò máa wálẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Bí ó bá ti ń wálẹ̀ tó wá tún gbéra sókè, ó yẹ kí a fura.

Kòkòrò tí a sábà máa ń bá níbẹ̀ ni Staphylococcus aureus, èyí tí nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 10 ń gbé kiri nínú imú láìmọ̀. (Orúkọ rẹ̀ ni àwọn alágbo fi ń polówó nínú mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn níbẹ̀ kọ́ ni a ń sọ yìí.) Oògùn lè pa á, bí oògùn bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn dé inú ọyún tó kó jọ tàbí ẹran ara tó ti kú. Ti irin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kòkòrò náà máa ń fi ohun kan tó ń yọ̀ bo ara rẹ̀ mọ́ irin, gẹ́gẹ́ bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò omi tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́: bí o bá da omi nù tí o pọn òmíràn sí i, kò ní kúrò, àfi bí o bá fi kànìnkànìn ha á.

Ohun tí dókítà ń lọ ṣe nìyẹn. Ojú àpá àtijọ́ náà ni yóò là. Ṣáájú kí a tó fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò, bí ara rẹ̀ bá lè dúró, a ó mú ẹran ara díẹ̀díẹ̀ láti ibi mélòó kan sínú ìgò kéékèèké fún àyẹ̀wò, nítorí pé òwú tí a kàn fi nu ojú ọgbẹ́ lè tan ni jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ okùn tí wọ́n fi rán an tẹ́lẹ̀, yóò sì máa gé ẹran tó ti kú. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì ti ṣú; dókítà kò ní dáwọ́ dúró títí yóò fi kan ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Èérún eegun tó bá ti tú yóò jáde. Omi oníyọ̀ wá kàn, lítà lórí lítà, tí àwa yóò máa so ọ̀rá omi kọ́ títí ohun tó ń ṣàn jáde yóò fi mọ́ gaara. Nígbà mìíràn wọ́n á rán an pa pẹ̀lú rọ́bà tí yóò máa fa omi jáde. Nígbà mìíràn wọn kò ní rán an pa, wọ́n á ṣí i sílẹ̀, wọ́n á tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó pinpin, wọ́n á sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó mọ́.

“Ẹ kúkú yọ irin náà” ni ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e. Bí àrùn bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí irin náà sì dúró digbí, wọn kì í sábà yọ ọ́, nítorí pé eegun kò tíì so pọ̀, eegun tó sì ń mì kì í jẹ́ kí àrùn lọ bọ̀rọ̀. Bí ó bá ti tú ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọyún yọ, tí eegun ti so pọ̀, wọ́n lè yọ gbogbo irin náà kí ara lè gbádùn.

Bí ẹsẹ̀ aláìsàn bá ń rọ, tí kò lè tọ̀, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ó ṣeé ṣe kí ọyún ti máa tẹ àwọn iṣan inú ògóóró ẹ̀yìn. Èyí kò ṣeé dúró dè di ọ̀la. Ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán. Inú mi dùn sí ìwádìí OVIVA tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019, tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 1,054 tó ní àrùn eegun àti oríkèé ní United Kingdom, nítorí ó fi hàn pé oògùn oníkóró tí a yàn dáadáa kò rẹlẹ̀ sí abẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́. Fún ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ nílé wa níbí, ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò inú ìgò wọ̀nyẹn ni a fi ń yan oògùn náà, kì í ṣe ẹnu oníkẹ́míìsì. Aláìsàn tó ti gbé oògùn apakòkòrò oríṣiríṣi mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa máa ń fún wa níṣòro gan-an, nítorí pé kòkòrò lè má hù nínú ìgò rárá, bẹ́ẹ̀ ọyún ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé páálí àwọn oògùn tó ti lò dání, kódà bí ó bá ti tán.