Dò òkè jáde lónìí o, àmọ́ ó ṣì tín-ín-rín

Lónìí Sátidé, dò òkè, nóòtì gíga yẹn, jáde lẹ́nu tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o, ó tín-ín-rín, kò sì pẹ́ tó fi já, àmọ́ òun náà ni, torí Bọ̀dá tó ń kọ́ wa ní báńdì ṣọ́ọ̀ṣì gbé fóònù jáde lójú ẹsẹ̀, ó tẹ píánò tó wà lórí ẹ̀, ohùn méjèèjì bára mu. Ó kàn mi orí, ó ní, "Àbúrò, fọn ọ́n jẹ́jẹ́ báyìí." Kò jáde mọ́.

Ebúté la ti ń ṣe é, létí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí Èkó. Ilé ò ṣe é fọn rárá. Ìyá onílé wa ti sọ fún mi pé tí mo bá tún dán an wò lálẹ́ òun á kó ẹrù mi síta, mi ò sì dá màmá lẹ́bi, ẹni tó bá ń kọ́ nóòtì òkè, àdúgbò ló ń fìyà jẹ.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló wà lára nǹkan yìí, wọ́n á ní báwo ló ṣe wá ń kọ gbogbo orin? Tẹ́ ò bá tiẹ̀ tẹ ọ̀kankan, ẹ ó rí dò ìsàlẹ̀, ẹ ó rí sò, ẹ ó rí dò àárín, mì, sò, lẹ́yìn náà tì kan wà níbẹ̀ tó wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, a máa ń fò ó ni, kó tó wá kan dò òkè. Gbogbo ìyẹn, ìka ò ṣe nǹkan kan, ètè àti afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n sì ṣe ń gòkè ni wọ́n ń sún mọ́ra wọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nísàlẹ̀ ọkàn èèyàn balẹ̀, àmọ́ lókè, kí ètè kàn yẹ̀ díẹ̀ báyìí, o ti bọ́ sórí nóòtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ìjọ á sì gbọ́.

Bọ̀dá ṣírò ẹ̀ fún wa. Lórí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì irú tiwa, dò ìsàlẹ̀, ètè á ṣí á sì pa dé bí ìgbà 233 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Dò àárín, 466. Dò òkè, 932. Mo ní ẹ̀ẹ́n? Ètè tí mo fi ń jẹ ẹ̀bà yìí?

Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára, kí afẹ́fẹ́ yára ni. Ẹ súfèé kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sókè, ẹ ó rí i pé ahọ́n á gbéra fúnra ẹ̀, á fún ọ̀nà pọ̀ fún afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, "tàà" nísàlẹ̀, "tíì" lókè. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, òní ni ahọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Arákùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń fa tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì mọ́ ètè. Ìkọ́ kékeré kan wà lórí ẹ̀ fún ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún, á ti ìka bọ̀ ọ́, á máa fà á mọ́ra títí iṣan ọrùn á fi yọ. Nóòtì òkè á jáde o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tó bá gbé mouthpiece, ìyẹn ibi tá a máa ń fi ẹnu sí, kúrò, òrùka kan á ti wà lójú ètè ẹ̀, á kọ́kọ́ funfun, á wá pọ́n, tó bá fi máa di orin kẹta ètè ti kú. Lónìí Bọ̀dá ní kó yọ ìka yẹn, kó gbé e lé orí ìkọ́ náà lásán, kó wá fọn. Gbogbo òkè tó ń gùn tẹ́lẹ̀ pòórá, ó bínú, ó lọ ra nǹkan mu.

Louis Armstrong pàápàá, gbajúmọ̀ afọntírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà tó wá sí Nàìjíríà ní 1960, ètè bá a jà débi pé ó gbé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín 1934 sí 1935, nígbà tó yá ìpara ètè kan láti Jámánì ló gbára lé. Òrí ni tèmi. Alẹ́ ni mo máa ń fi í pa á, àgàgà tí ọyẹ́ bá dé, torí tí mo bá fi pa á kí n tó fọn, mouthpiece á kàn máa yọ̀ ni.

Yàtọ̀ síyẹn, nóòtì gígùn nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ tá à ń ṣe jù, jẹ́jẹ́, láìpariwo, iye àsìkò tó o bá fi fọn lo máa fi sinmi. Ó máa ń súni jàre. Àmọ́ mo ti wá ń rò ó pé òkè yìí gan-an kọ́ ló ń mú orin dùn. Dádì mi ò lè ṣe kó má gbọ́ Victor Olaiya, bàbá tó kú ní 2020 yẹn, ohùn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kún, ó yọ́, kò sì sígbà tí mo gbọ́ Dádì kó bi ẹnikẹ́ni pé nóòtì wo ló dé.

Lọ́la, Bọ̀dá ti ní mi ò gbọdọ̀ fọn dò òkè ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n dúró lórí sò. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," àmọ́ ó dùn mí díẹ̀.

Ẹnì kan tún fẹ́ ta mouthpiece tí inú ẹ̀ ò jìn fún mi, ó ní òun ni wọ́n fi ń gòkè kíá. Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ lókè lóòótọ́, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ ló máa jẹ níyà, mouthpiece 7C tí mò ń lò yìí ò sì ṣẹ̀ mí. Owó tó ń pè yẹn, òróró bọ́tìnnì ni màá fi ra, torí bọ́tìnnì kejì ti ń há, tó bá lọ há mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà orin ìwọlé lọ́la, sò gan-an ò ní jáde.